Àjàṣẹ́ sí Salvador: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó gan-an?

Ọmọ_Oganla (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdílé Àgùdà ni wá, ìran àwọn tó ti Brazil padà wá sílé. A jẹ́ mẹ́fà tó fẹ́ lọ sí Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, ní ìparí oṣù kìíní, ká lè débẹ̀ kó tó di ọjọ́ 2 oṣù kejì tí wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja ní Rio Vermelho. Oṣù kẹrin la máa padà. Àgbàlagbà méjì wà nínú wa, ọ̀kan ń lo oògùn àtọ̀gbẹ.

Ohun méjì ló rú mi lójú. Àkọ́kọ́, iye kìlómítà kò bá ara wọn mu. Mo rí 4,980 níbì kan, 3,095 níbòmíràn, 2,690 níbòmíràn. Ọmọ wa kan tó wà ní lycée ṣírò ó fúnra rẹ̀, ó ní 4,510. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wá ní ìrìn náà lé ní 12,700. Ìkejì ni wákàtí. Ojú ìwé kan ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20. Ìwé tí wọ́n fún wa ní a máa gbéra ní Kútọnu ní 22:30 alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, a ó sì dé ní 19:00 alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lójú tèmi, wákàtí 20 ààbọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n 24 ààbọ̀ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé náà. Èwo ni ká dì mú?

Tísà_Kétu, Ọjọ́ Ajé, 8:25 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Oganla, ẹ kú àárọ̀. Mẹ́ta nínú iye yẹn, ohun kan náà ni wọ́n. 4,980 jẹ́ kìlómítà. 3,095 jẹ́ máìlì, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609. 2,690 jẹ́ máìlì ojú omi, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, 4,980 náà ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ọmọ yẹn gbìyànjú gan-an, ẹ bá mi kí i. Ibì kan ṣoṣo ló ti ṣì í. Kútọnu wà ní dígírì 2.38 ní ìlà-oòrùn ìlà Greenwich, Salvador wà ní dígírì 38.33 ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nígbà tí ìlú méjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe là ń ro wọ́n pọ̀: 40.71. Òun yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, ó rí 35.95, ibẹ̀ ni 4,510 ti wá. Kó tún un ṣe báyìí:

Kútọnu wà ní dígírì 6.36 lókè ìlà agbedeméjì ayé, Salvador ní 12.91 nísàlẹ̀ rẹ̀.
cos 6.36 × cos 12.91 × cos 40.71 = 0.7343
sin 6.36 × sin 12.91 = 0.0247
Torí pé Salvador wà nísàlẹ̀ ìlà, a ó yọ ìkejì kúrò nínú èkíní: 0.7096.
Kó tẹ cos⁻¹ lé e lórí, yóò rí dígírì 44.8. Dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111.2. 44.8 × 111.2 = 4,982.

Kó wo ojú ẹ̀rọ ìṣírò dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀: DEG, ìyẹn dígírì, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ RAD, ohun tó máa jáde kò ní ní orí kò ní ní ìdí.

Ẹni tí kò fẹ́ ìṣírò lè ṣí Google Maps, kó tẹ Kútọnu mọ́lẹ̀ títí àmì pupa á fi yọ, kó fa ojú ìwé náà sókè, kó mú « Mesurer une distance » (wọn ọ̀nà jíjìn), kó wá sún àwòrán náà títí àmì róbótó yẹn á fi bọ́ sórí Salvador. Kó má fi rúlà wọn máàpù ara ògiri o. Máàpù yẹn tẹ́ ohun róbótó sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì ń fa àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì tóbi ju bó ti yẹ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Pobè, Ọjọ́ Ajé, 8:51 àárọ̀

Tísà, ẹ ṣeun. Tí 4,980 bá jẹ́ òótọ́, kí ló wá gbé 12,700 dé? Àbí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbowó lé wọn lórí ni?

Kántà_Cadjehoun (Kútọnu), Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó purọ́. 4,980 ni ọ̀nà tí ẹyẹ ìbá gbà. 12,700 ni ọ̀nà tí bàlúù máa gbà, torí kò sí bàlúù tó ń ti Kútọnu lọ sí Salvador tààrà. Ẹ wo bó ṣe rí:

Kútọnu sí Paris (àmì pápákọ̀ wọn ni COO–CDG): nǹkan bí 4,740, wákàtí 6 àti díẹ̀.
Paris sí Salvador (CDG–SSA): nǹkan bí 7,970, wákàtí 10 ó dín díẹ̀.

Àròpọ̀ rẹ̀ ni 12,710. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé láti Kútọnu, Salvador fi nǹkan bí 240 kìlómítà péré jìnnà ju Paris lọ. Ìyẹn kò tó ọ̀nà mọ́tò láti Kútọnu dé Ṣábẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè lọ sí Yúróòpù, kẹ́ ẹ tó tún sọ̀ kalẹ̀ kọjá òkun.

Kì í ṣe pé bàlúù kò lè dé ibẹ̀. Airbus A321LR, tí kò tóbi púpọ̀, lè fò tó 7,400 kìlómítà láìsọ̀kalẹ̀. Èrò ni kò tíì pọ̀ tó láti kún bàlúù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Air France bẹ̀rẹ̀ Paris sí Salvador ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí bàlúù Salvador ń gbéra ní Paris, kẹ́ ẹ tó wá mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò ní Kútọnu. Ẹni tó bá mú ti Kútọnu ṣáájú lè fi ọjọ́ méjì jókòó sí Paris.

Ọ̀nà kejì ni Royal Air Maroc: Kútọnu sí Casablanca (nǹkan bí 3,175), Casablanca sí São Paulo (nǹkan bí 7,540), kẹ́ ẹ wá wọ bàlúù abẹ́lé lọ sí Salvador (nǹkan bí 1,450). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12,165, ó fi nǹkan bí 550 kúrú ju ti Paris lọ, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta lẹ máa wọ bàlúù. Àwọn kan ń gba Addis Ababa. Ìyẹn yóò kọ́kọ́ gbé yín lọ 4,020 kìlómítà síhà ìlà-oòrùn, kó tó yí padà fò 9,930 lọ sí São Paulo. Pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ láéláé.

Ọmọ_Ṣábẹ, Ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Ẹ má gbàgbé pé ayé ń yí lọ síhà ìlà-oòrùn. Tí bàlúù bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, Salvador fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé yín nìyẹn, ẹ ó tètè dé.

Tísà_Kétu, Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ọmọ Ṣábẹ, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń bá ayé yí, bàlúù sì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Tí yíyí ayé bá ń ṣèrànwọ́, bàlúù Paris sí New York ni ìbá máa yá ju ti New York sí Paris lọ. Òdìkejì rẹ̀ la ń rí: lílọ ń gbà ju wákàtí 8 lọ, bíbọ̀ ń gbà nǹkan bí 7. Ìjì òkè kan tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní apá ibi tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà ló fà á.

Ìrìn Paris sí Salvador, gúúsù ló ń kọjú sí jù. Apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ìjì yẹn lè dí lọ́wọ́. Nítorí náà ìyàtọ̀ àárín lílọ àti bíbọ̀ kò pọ̀, nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ wákàtí tí bàlúù ńlá máa lò láti ìlú kan sí èkejì, ẹ fi 850 pín kìlómítà, kẹ́ ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún gbígbéra àti bíbà. 4,980 á fún yín ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ojú ìwé yẹn ṣe rí tirẹ̀ nìyẹn: ó ṣírò bàlúù tí kò sí.

Kántà_Cadjehoun (Kútọnu), Ọjọ́ Ajé, 12:34 ọ̀sán

Ìṣírò Tísà dára. Ẹ kàn fi díẹ̀ kún ti Paris. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilẹ̀ Niger ti òfurufú rẹ̀ pa. Nígbà tó ṣí i ní oṣù kẹsàn-án, kò ṣí i fún bàlúù ilẹ̀ Faransé. Bàlúù tí kò bá lè gba orí ilẹ̀ kan kọjá gbọ́dọ̀ yí i po, ìyípo yẹn kò sì sí nínú 4,740.

Ọmọ_Ìfàngní, Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Oganla, ti wákàtí yẹn rọrùn. Brazil fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn wa. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 24 ààbọ̀, ó ku 20 ààbọ̀. Tiyín ló tọ̀nà, ìwé yẹn ló ṣì í.

Tísà_Kétu, Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Rárá o, ìwé ló tọ̀nà. Ara yín kò mọ agogo ìlú kankan, wákàtí tó lò nínú ìrìn ló mọ̀. Ẹ sọ gbogbo agogo di ti Bẹ̀nẹ̀ ṣáájú ìṣírò.

Salvador fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn wa jálẹ̀ ọdún, torí Brazil ti fi yíyí agogo sílẹ̀ láti 2019, àwa náà kì í yí tiwa. 19:00 alẹ́ Salvador jẹ́ 23:00 alẹ́ nílé wa. Láti 22:30 Ọjọ́ Ẹtì dé 23:00 Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí 24 ààbọ̀ gééré. Wákàtí 4 tí Ọmọ Ìfàngní yọ, ẹ máa jókòó lò ó nínú bàlúù ni.

Paris ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ní oṣù kìíní, agogo Paris àti tiwa bára mu. Láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá, Paris á fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Ẹ ní oṣù kẹrin lẹ máa padà, ìyẹn ni pé agogo ìpadàbọ̀ yín kò ní rí bí ti lílọ. Ẹni tó bá gba Casablanca kó mọ̀ pé agogo ibẹ̀ bá tiwa mu, àfi lásìkò ààwẹ̀ Ramadan tí wọ́n ń fà á padà ní wákàtí kan.

Ọmọ_Sẹ̀mẹ̀, Ọjọ́ Ajé, 3:02 ọ̀sán

Ẹ ò ṣe gba Èkó? Láti Àjàṣẹ́ dé Ìkẹjà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, bàlúù tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ti Kútọnu lọ fíìfíì, ẹ lè rí tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú.

Kántà_Cadjehoun (Kútọnu), Ọjọ́ Ajé, 3:30 ọ̀sán

Òótọ́ ni pé bàlúù pọ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kúrú ọ̀nà Salvador. Èkó wà ní ìlà-oòrùn wa, ó sì fi nǹkan bí 100 kìlómítà jìnnà sí Salvador ju Kútọnu lọ. Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni ilẹ̀. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ dé Àgbádárìgì kún fún ibi àyẹ̀wò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò sì ní wákàtí. Ọjọ́ kan á gbà yín ní wákàtí 3, ọjọ́ mìíràn á gbà yín ní 7. Ẹni tó bá máa gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn l'Ékòó mọ́jú.

Kí wọ́n sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà ní Sẹ̀mẹ̀, òǹtẹ̀ ìjáde Bẹ̀nẹ̀ àti ti ìwọlé Nàìjíríà. Ẹni tó bá fi zẹ́míjàn (ọ̀kadà) kọjá láìlu òǹtẹ̀ á rí ìbéèrè ní Ìkẹjà, bàlúù kò sì ní dúró dè é.

Ọmọ_Sẹ̀mẹ̀, Ọjọ́ Ajé, 3:44 ọ̀sán

Mo gbà fún yín lórí ti òǹtẹ̀ àti àgbàlagbà. Ti owó ni mi ò fẹ́ gbà. Kí wọ́n ṣì bi iye rẹ̀ wò.

Ará_Bahia, Ọjọ́ Ajé, 6:20 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Salvador ni mo wà. Tí bàlúù yín bá bà ní 19:00, kí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín dé ní 20:15. Wíwo ìwé ìrìnnà, gbígba ẹrù àti àyẹ̀wò aṣọ́bodè kì í yá bọ̀rọ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ láàárín ìgboro, tó nǹkan bí 28 kìlómítà.

Tó bá jẹ́ São Paulo lẹ gbà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìlú àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá bà ní Brazil lẹ ti máa gba gbogbo ẹrù yín, kódà bí wọ́n bá kọ SSA sára rẹ̀ láti Kútọnu. Ẹ ó gbé e gba iwájú aṣọ́bodè, ẹ ó tún wá kó o fún wọn fún bàlúù abẹ́lé. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí 3 sáàárín bàlúù méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá GRU, pápákọ̀ São Paulo tẹ́ ẹ máa bà sí, ni bàlúù abẹ́lé náà ti ń gbéra. São Paulo ní pápákọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Congonhas, CGH, láàárín ìgboro. Láti GRU dé ibẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ni.

Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ tàbí wàrà wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Epo pupa sì rèé, ẹ má wulẹ̀ ru ú. Dendê ni wọ́n ń pè é níbí, òun ni wọ́n fi ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé. Nígbà tẹ́ ẹ bá sinmi tán, ẹ yà sí Casa do Benin, ilé àṣà Bẹ̀nẹ̀ ní Pelourinho. Láti 1988 ló ti wà, ilé ara yín ni.

Kántà_Cadjehoun (Kútọnu), Ọjọ́ Ajé, 7:05 alẹ́

Ohun tí Ará Bahia sọ nípa ẹrù mú mi rántí ohun tó máa ń ba ìrìn jẹ́ jù. Ẹ rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé yín láti COO dé SSA, tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan ń ra Kútọnu–Paris lọ́tọ̀, Paris–Salvador lọ́tọ̀, torí ó dín owó díẹ̀ kù. Tí bàlúù àkọ́kọ́ bá pẹ́, iléeṣẹ́ bàlúù kejì kò mọ̀ yín rí, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti jóná. Ẹrù yín náà á dúró sí Paris, ẹ ó sì ní láti wọ ilẹ̀ Faransé kẹ́ ẹ tó rí i gbà. Láìsí físà Schengen, ẹ kò lè kọjá.

Kódà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní físà Faransé ní Kútọnu, kẹ́ ẹ tó sanwó, bóyá irú ìwé ìrìnnà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní nílò físà ìkọjá. Ẹni tó bá ń lo ìwé Nàìjíríà nílò rẹ̀ dandan, ìyẹn dá mi lójú. Físà Brazil, ẹ gbà á ní ọ́fíìsì aṣojú wọn ní Kútọnu.

Káàdì yẹ́lò fífà náà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni, kò sídìí láti tún un gbà lẹ́yìn ọdún 10.

Nọ́ọ̀sì_Adjarra, Ọjọ́ Ajé, 8:48 alẹ́

Ti oògùn àtọ̀gbẹ. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu. Tó bá jẹ́ insulin, ẹ má fi sínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàlúù, ó lè dì, èyí tó bá ti dì kò wúlò mọ́. Ẹ fi agogo kan sílẹ̀ lórí wákàtí Bẹ̀nẹ̀ títí ẹ ó fi dé, òun ni kẹ́ ẹ máa fi lo oògùn lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ yìí, wákàtí 28 ni dípò 24. Nítorí náà kí bàbá tàbí màmá lọ bá dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó kọ ìwọ̀n àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a pinnu nínú bàlúù.

Kí àwọn àgbà dìde rìn nínú bàlúù ní wákàtí méjì méjì, kí wọ́n mu omi, ẹsẹ̀ wọn kò ní wú. Ẹ tún béèrè kẹ̀kẹ́ arọ fún wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ìrìn inú pápákọ̀ Paris sì gùn.

Ọmọ_Oganla (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa yóò san án fún yín. Mo ti fi ìṣírò Tísà han ọmọ náà, ó tún un ṣe, ó rí 4,982. Inú rẹ̀ dùn.

Bí mo ṣe tò ó rèé, kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Lílọ: kúrò ní Àjàṣẹ́ ní 17:00 Ọjọ́ Ẹtì, dé pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun ní Kútọnu ní 19:00, gbéra ní 22:30. Paris ní 04:40 Ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbéra níbẹ̀ ní 13:00, Salvador ní 19:00 agogo tiwọn. Ìpadàbọ̀ ní oṣù kẹrin: gbéra ní Salvador ní 21:00 Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Paris ní 10:30, gbéra ní Paris ní 14:00, Kútọnu ní 20:10. Mo ti sọ fún ọlọ́kọ̀ kó wá pàdé wa lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kántà_Cadjehoun (Kútọnu), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Lílọ dára. Ẹ kàn gbéra ní Àjàṣẹ́ ní 16:00, torí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni, ojú ọ̀nà máa ń kún. Nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹrù yín, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: SSA ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ CDG, ẹ má kúrò ní kántà.

Tísà_Kétu, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, agogo ìpadàbọ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. 21:00 Salvador jẹ́ 01:00 òru Ọjọ́ Àìkú nílé wa. Ẹ fi wákàtí 9 ààbọ̀ kún un, 10:30 agogo wa, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ni, 11:30 ni Paris máa ń jẹ́ nígbà yẹn. Ìyẹn ni pé wákàtí 2 ààbọ̀ lẹ ní láti pààrọ̀ bàlúù, kì í ṣe 3 ààbọ̀, kí ẹni tó máa ti kẹ̀kẹ́ àwọn àgbà ti mọ̀ ṣáájú. 14:00 Paris jẹ́ 13:00 tiwa. Ẹ ó bà ní Kútọnu ní nǹkan bí 19:10, kì í ṣe 20:10.

Ẹ tún pe ọlọ́kọ̀ padà. Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni kó wá.